OJÚ NI ALÁKÀN FI Ń ṢỌ́RÍ: BÍ A ṢE Ń TÚN DÁṢÍBỌ́Ọ̀DÙ ỌKỌ̀ ÀTIJỌ́ ṢE

Nísinsìnyí tí ẹ ti mọ lẹ́tà, tí ẹ sì ti mọ nọ́ńbà, ẹ ó rí i pé kì í ṣe inú ìwé nìkan ni ohun kíkà wà. Ó wà lára ìgò oògùn. Ó wà lára àpò sìmẹ́ńtì. Ó sì wà níwájú awakọ̀ nínú ọkọ̀. Èyí tó wà nínú ọkọ̀ ni a ó kà lónìí. A ó kọ́ ohun tí ó ń sọ. A ó sì kọ́ ohun tí a lè ṣe nígbà tí ó bá dákẹ́, tàbí nígbà tí ó bá ń parọ́.

1. OJÚ ỌKỌ̀

Pátákó tí ó wà níwájú awakọ̀, lẹ́yìn sítíárìn, ni à ń pè ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Níbẹ̀ ni àwọn gééjì àti àwọn iná kéékèèké wà. Awakọ̀ kò lè wo inú ẹ́ńjìnnì nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Kò lè wo inú táńkì epo. Nítorí náà ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi fa wáyà láti ara ẹ́ńjìnnì àti láti ara táńkì wá sí iwájú rẹ̀, kí ó lè máa gba ìròyìn níbi tí ó jókòó sí. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Dáṣíbọ́ọ̀dù ni ojú ọkọ̀.

Ọkọ̀ àtijọ́ pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná. Ní ọdún kan náà ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Peugeot 504 ti jáde, àti Volkswagen kékeré tí àwọn ènìyàn ń pè ní Ìjàpá. Lẹ́yìn náà ni tòkúnbọ̀ oríṣiríṣi dé láti òkè òkun. Títí di òní, ọkọ̀ tó ti lo ogún ọdún tàbí ọgbọ̀n ọdún ṣì ń gbé pákó àti obì jáde ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó ń gbé ẹja àti èrò ní Àbígí àti Ìwopin, ní Ogun Waterside. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè lágbára síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Òjò, eruku àti ọ̀rinrin etí omi ti mú ìpẹtà bá wáyà rẹ̀.

2. Ẹ JẸ́ KÍ A KÀ Á

Lẹ́tà mẹ́rin ni ẹ ó kọ́kọ́ wá.

E: táńkì ti ṣófo.
F: táńkì kún.
C: ẹ́ńjìnnì tutù.
H: ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù.

E, F àti H wà nínú ábídí Yorùbá. Ẹ ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀. C nìkan ni kò sí nínú tiwa. Ó dà bí O tí a la ẹnu rẹ̀ sí apá ọ̀tún.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá iná pupa méjì. Èkíní ní àwòrán tó dà bí kẹ́tùrù tí epo ń kán lẹ́nu rẹ̀. Iná epo ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Nínú ọkọ̀ mìíràn, ọ̀rọ̀ náà OIL ni wọ́n kọ síbẹ̀. Èkejì ní àwòrán àpótí kékeré tó ní ìwo méjì, pẹ̀lú àmì + àti àmì −. Iná bátìrì nìyẹn.

Ẹ dán an wò láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n ẹ má tíì mú ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́. Iná méjèèjì gbọ́dọ̀ tàn. Ẹ wá mú ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́. Iná méjèèjì gbọ́dọ̀ kú láìpẹ́. Iná tí kò bá tàn nígbà àkọ́kọ́ kò lè kìlọ̀ fún yín lọ́nà. Èyí tó bá ṣì ń tàn lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ ń pè yín ni. Ẹ dá a lóhùn.

3. ỌWỌ́ TÓ TI KÚ

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ awakọ̀ kan àti bàbá kan tó ń ṣe iṣẹ́ rẹwáyà, ìyẹn ni ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe.

Awakọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Gééjì ìgbóná mi ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta.

Bàbá: O sì ń kó èrò lọ sí Àbígí láti ọjọ́ mẹ́ta?

Awakọ̀: Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọkọ̀ náà ò kúkú gbóná.

Bàbá: Ta ló sọ fún ọ pé kò gbóná?

Awakọ̀: Ọwọ́ gééjì wà ní C, Bàbá. Kò kúrò níbẹ̀ rárá.

Bàbá: Ọwọ́ tó ti kú lo wá ń gbà gbọ́ yẹn. Ṣé o ti yẹ omi rẹ̀ wò?

Awakọ̀: Rárá, sà.

Bàbá: Pa ẹ́ńjìnnì yẹn. Jẹ́ kó tutù ná. Omi la ó kọ́kọ́ wò ká tó mọ̀ bóyá gééjì ló bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni bàbá yìí sọ. Ohun kékeré kan wà lára ẹ́ńjìnnì tí omi gbígbóná máa ń kàn. Òun ni ó ń gba ìròyìn ìgbóná fún gééjì. Bí omi bá jò tán, omi kò ní kàn án mọ́. Gééjì lè máa fi C hàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jóná. Awakọ̀ yóò rò pé àlàáfíà ni. Ìgbà tí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì bá jó, tàbí tí ẹ́ńjìnnì bá nọ́ọ̀kì ni yóò tó mọ̀. Owó tí wọ́n máa ná sórí ẹ́ńjìnnì lè pa iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù run. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ lè wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, bí gééjì bá yí padà, ìbéèrè kan ni kí a kọ́kọ́ bi ara wa: ṣé òjíṣẹ́ ló ń parọ́, àbí òótọ́ ló ń sọ? Ẹni tó bá tún gééjì ṣe láì wo ẹ́ńjìnnì ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

4. ÈYÍ TÓ LÈ DÚRÓ ÀTI ÈYÍ TÍ KÒ LÈ DÚRÓ

Bí iná tó ń mú ojú gééjì mọ́lẹ̀ lóru bá kú, ọkọ̀ lè lọ lójú ọ̀sán, ká tún un ṣe nígbà tí a bá délé. Bí gééjì epo bá kú, a lè ka epo tí a rà, ká sì ka kílómítà.

Ṣùgbọ́n bí iná epo ẹ́ńjìnnì bá tàn nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé, “Ó ku díẹ̀ ká dé.” Láìsí epo tó ń yí ká, irin á máa lọ irin. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó láti ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ẹ fa irin ìwọn-epo yọ, kí ẹ wò ó. Bí epo bá pé, tí iná sì ń tàn síbẹ̀, ẹ má wa ọkọ̀ náà. Ẹ pe mẹ́káníìkì wá.

Bí ọwọ́ gééjì ìgbóná bá lọ sí H, ẹ dúró, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ó gbóná. Omi tó ń hó lè bó ènìyàn lójú. Ẹ dúró títí ọwọ́ yóò fi lè gbà á.

Bí iná bátìrì bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ wo fánbẹ́ẹ̀tì. Nínú Volkswagen Ìjàpá, bẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ń yí ohun tó ń fún bátìrì lágbára, òun náà ló sì ń yí abẹ̀bẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì. Ìjàpá kò ní rédíétọ̀. Atẹ́gùn nìkan ló ń tù ú lára. Bí bẹ́ẹ̀tì bá já, iná bátìrì ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́. Bí awakọ̀ bá rò pé ti bátìrì nìkan ni, tó sì ń lọ, ẹ́ńjìnnì á jóná. Bákan náà ni nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lo omi: bẹ́ẹ̀tì yẹn kan náà ló ń yí ohun tó ń ti omi kiri.

5. KÍ A TÓ FỌWỌ́ KÀN ÁN

Ẹ kó nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀: skúdíráfà, àkísà tó mọ́, sáńpépà tó kúná, tẹ́sítà iná ọkọ̀, àti ife kan tí ẹ ó máa kó súkúrúù sí.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà tó wà lórí àmì − bátìrì. Ẹ má yọ ọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti dán ọkọ̀ wò. Ó lè ba ohun tó ń fún bátìrì lágbára jẹ́.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí àárín sítíárìn pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí AIRBAG tàbí SRS, àpò kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń bẹ́ jáde nígbà ìjàǹbá. Ẹ má tú sítíárìn náà. Ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀.

6. FÍÚSÌ NI KÍ A KỌ́KỌ́ WÒ

Bí gééjì méjì tàbí mẹ́ta bá kú pọ̀ lójijì, kò dájú pé gbogbo wọn ló bàjẹ́. Ó lè jẹ́ pé fíúsì kan ló jó. Ẹ wá àpótí fíúsì. Ẹ yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wò ó bóyá wáyà tín-ínrín inú rẹ̀ ti já.

Níbí ni nọ́ńbà tí ẹ kọ́ yóò ti ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà wà lára fíúsì kọ̀ọ̀kan: 5, 10, 15, 20. Bí 10 bá jó, 10 ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ má fi 20 síbẹ̀. Ẹ má sì fi wáyà tàbí bébà dídán inú páálí sìgá dí i. Fíúsì máa ń jó kí ọkọ̀ má baà jó. Bí tuntun bá tún jó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wáyà kan ti bó níbì kan. Ẹ wá rẹwáyà.

Lẹ́yìn fíúsì, ẹ wo wáyà tí a so mọ́ ara irin ọkọ̀. Agbára tó ti inú bátìrì jáde gbọ́dọ̀ gba ara irin padà sílé. Bí ìpẹtà bá wà níbẹ̀, ọ̀nà ti dí. Iná á máa ṣẹ́jú, ọwọ́ gééjì á máa gbọ̀n. Ẹ tú u, ẹ fi sáńpépà ha á títí yóò fi dán, kí ẹ sì dè é padà dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni iṣẹ́ máa ń parí síbẹ̀, láìra ohunkóhun.

7. ÌDÁNWÒ GÉÉJÌ

Bí omi bá pé, tí fíúsì dára, ṣùgbọ́n tí gééjì ìgbóná kò kúrò ní C, ẹ lè dán an wò báyìí. Ọkọ̀ àtijọ́ tí wáyà kan ṣoṣo wọ ohun tó ń gba ìròyìn lára ẹ́ńjìnnì ni ìdánwò yìí wà fún. Bí wáyà bá jẹ́ méjì, tàbí tí ọkọ̀ bá ń lo kọ̀ǹpútà, ẹ má ṣe é.

Èkíní: Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ yọ wáyà náà.
Èkejì: Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan yí kọ́kọ́rọ́, láì mú ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, kí ó máa wo gééjì.
Ẹ̀kẹta: Ẹ fi ẹnu wáyà náà kan irin ẹ́ńjìnnì. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹ mú un kúrò.

Bí ọwọ́ gééjì bá sáré lọ sí H, gééjì wà láàyè, wáyà sì dára. Ohun tó ń gba ìròyìn ló ti bàjẹ́. Òun nìkan ni kí ẹ rà. Bí ọwọ́ náà kò bá mira, wáyà ti já lọ́nà, tàbí kí gééjì ti kú. Ìgbà yẹn ló tó yẹ ká tú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ti gééjì epo fara jọ ọ́. Nínú táńkì, ohun kan wà tó ń léfòó lórí epo bí igbá ṣe ń léfòó lórí omi. Bí epo bá lọ sílẹ̀, òun náà á lọ sílẹ̀, gééjì á sì tẹ̀ lé e. Bí ó bá há, gééjì á máa sọ ohun kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ìdánwò wáyà yìí lẹ́bàá táńkì. Ìtàpá iná kékeré lè gbiná lára òórùn epo. Ẹ gbé e fún rẹwáyà, kí ẹ sì rí i pé kò sẹ́ni tó ń mu sìgá nítòsí.

8. NÍGBÀ TÍ A BÁ TÚ U

Ẹ tú súkúrúù, ẹ kó wọn sínú ife. Ẹ fa dáṣíbọ́ọ̀dù síwájú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, okùn onírin kan so mọ́ ẹ̀yìn gééjì eré. Ẹ tú u kí ẹ tó fà á jù. Kí ẹ tó yọ wáyà èyíkéyìí, ẹ kọ àwọ̀ rẹ̀ àti ibi tó ti jáde sínú ìwé. Ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ kò ní máa méfò nígbà tó bá ń dá a padà.

Ẹ wo àwọn gílóòbù kéékèèké. Èyí tó bá dúdú nínú ti jó. Ẹ wo ẹnu ibi tí wáyà ti wọlé. Bí ó bá ti pẹtà, ẹ nù ún. Bí ẹ bá rí bébà rọ́bà tí ọ̀nà bàbà tín-ínrín wà lára rẹ̀, ẹ má fi sáńpépà ha á, torí yóò já. Rọ́bà tí ọmọ ilé ìwé fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ ló dára fún un.

Nínú àwọn ọkọ̀ kan, ohun kékeré kan wà lẹ́yìn gééjì tó ń dín agbára bátìrì kù sí bí 10 fóòtì, kí gééjì epo àti gééjì ìgbóná má baà ṣìnà. Bí gééjì méjèèjì bá jọ ń fi ju bó ṣe yẹ lọ hàn, òun ni kí ẹ fura sí.

Àwọn tòkúnbọ̀ mìíràn ń fi nọ́ńbà oníná hàn dípò ọwọ́. Bí nọ́ńbà náà bá ń pòórá, tó tún ń padà nígbà tí a bá gbá dáṣíbọ́ọ̀dù, lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó wáyà mọ́ pátákó ẹ̀yìn rẹ̀ lè ti là. Ẹ dẹ́kun gbígbá a. Àwọn tó ń tún rédíò ṣe lè jó o padà.

Bí ẹ bá fi dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀, kílómítà tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ti ọkọ̀ yín. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì fi han ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ náà. Ẹ̀tàn ni kí a fi í pa mọ́.

9. GÍLÓÒBÙ KÉKERÉ, IṢẸ́ ŃLÁ

Ẹ má fojú kékeré wo gílóòbù iná bátìrì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, agbára tó gba inú gílóòbù yẹn kọjá ló ń jí ohun tó ń fún bátìrì lágbára. Bí gílóòbù bá jó, bátìrì lè má gba agbára mọ́. Ọlọ́kọ̀ á ra bátìrì tuntun, òun náà á tún kú. Gílóòbù kékeré ló sì fà á.

Bí rẹwáyà bá ní mítà, ẹ ní kó wọn bátìrì. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá ṣiṣẹ́, bátìrì tó yó máa ń tó 12.6 fóòtì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàárín 13.8 àti 14.4. Ẹ ka nọ́ńbà náà fúnra yín.

Àwọn kan máa ń yọ gílóòbù ìkìlọ̀ tàbí kí wọ́n lẹ nǹkan mọ́ ọn, kí iná má baà máa dààmú wọn. Ẹni tó pa fìtílà nítorí kó má baà rí ejò, ejò náà ṣì wà nínú yàrá.

10. ÌWÉ ỌKỌ̀

Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ fi í sínú ọkọ̀. Nígbà tí ẹ bá rọ epo kún táńkì, ẹ kọ kílómítà. Nígbà tí ẹ bá tún rọ ọ́ kún, ẹ kọ kílómítà àti iye lítà tó wọ̀ ọ́. Báyìí:

Ọjọ́ Ajé: táńkì kún. Kílómítà 84,200.
Ọjọ́bọ̀: táńkì tún kún. Kílómítà 84,500. Epo tó wọ̀ ọ́: lítà 30.

84,500 yọ 84,200 kù 300. Pín 300 sí ọ̀nà 30, ó jẹ́ 10. Ọkọ̀ yìí ń fi lítà kan rin kílómítà 10. Bí gééjì epo bá kú, ìwé yìí á sọ fún yín ìgbà tí epo ń tán lọ.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bu omi sí i, ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ epo ẹ́ńjìnnì, àti ohun tí rẹwáyà ṣe. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ló ń gbà.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ìtumọ̀ E, F, C àti H lójú dáṣíbọ́ọ̀dù?
2. Kí ló dé tí bàbá rẹwáyà fi ní kí wọ́n wo omi kí wọ́n tó wo gééjì?
3. Iná wo ló gbọ́dọ̀ mú kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀?
4. Fíúsì 15 jó. Èwo ni ẹ ó fi rọ́pò rẹ̀: 10, 15 tàbí 20?
5. Ọkọ̀ kan rin kílómítà 240 pẹ̀lú lítà 20. Kílómítà mélòó ló fi lítà kan rìn?

IṢẸ́ ṢÍṢE: Ẹ lọ sídìí ọkọ̀ tiyín, tàbí ti aládùúgbò yín. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Ẹ ka gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹ kọ wọ́n sínú ìwé, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì.